Fìdáù ogójì ọjọ́ bàbá wa ń bọ̀, àbúrò mi ní òun ò gba Ọlọ́run gbọ́ mọ́. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Aláàdìrẹ (Ìtòkú)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ ṣeun gan-an fún bí ẹ ṣe bá wa kẹ́dùn nígbà tí bàbá wa fi ayé sílẹ̀. Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí. Ọ̀rọ̀ tó gbé mi wá lónìí kò jẹ́ kí n rí oorun sùn.

Mùsùlùmí ni bàbá wa. Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni màmá wa, Aké ni wọ́n ti ṣèrìbọmi fún wọn, bàbá kò sì fìgbà kan ní kí wọ́n pa ṣọ́ọ̀ṣì tì. Bẹ́ẹ̀ la ṣe dàgbà. Èmi ń kírun, àbúrò mi obìnrin ń bá màmá lọ ṣọ́ọ̀ṣì, kò sí ìjà níbẹ̀. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó wà láàárín wa, àbíkẹ́yìn, ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ọmọ ọdún 27 ni. Lọ́jọ́ kẹjọ, àwọn àfáà ní kí ọmọkùnrin olóògbé bọ́ síwájú wá gba máìkì, kó ṣe àdúà fún bàbá rẹ̀. Kò dìde. Ó doríkodò síbi tó jókòó sí. Nígbà tí èrò túká, ẹ̀gbọ́n bàbá wa bi í pé kí ló dé. Ó ní, "Ẹ má bínú, sà. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí mi ò ti gba Ọlọ́run gbọ́ mọ́. Nítorí bàbá mi ni mi ò ṣe sọ ọ́. Ṣùgbọ́n mi ò lè dúró níwájú èrò kí n máa sọ ohun tí kò sí lọ́kàn mi, pàápàá lórí ọ̀rọ̀ bàbá mi."

Ilé gbiná. Ẹ̀gbọ́n bàbá wa ní tó bá di ogójì ọjọ́, ó gbọ́dọ̀ gba máìkì, kó ka kàlímà létí gbogbo ayé, kó sì tọrọ àforíjì. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó má fẹsẹ̀ tẹ ilé náà mọ́, kó má sì retí ohunkóhun nínú ogún. Àbúrò màmá wa ní ẹ̀mí kan ló wọ̀ ọ́, ọjọ́ méje ló máa lò lórí òkè àdúrà. Màmá wa kò sọ nǹkan kan, wọ́n kàn ń sunkún, wọ́n ń bi ara wọn pé níbo ni àwọn ti ṣì í tọ́.

Ó ku méjì. Bàbá kan wà ní Ìjàyè tí àwọn àti bàbá wa jọ ṣeré dàgbà. Babaláwo ni wọ́n. Ẹ̀gbọ́n bàbá wa ní kí a sọ fún wọn kí wọ́n má wá, pé kèfèrí kì í jókòó síbi fìdáù. Bẹ́ẹ̀ ojoojúmọ́ ni bàbá náà ń wá wo bàbá wa nígbà àìsàn. Èkejì: ọ̀gá àbúrò mi níbi iṣẹ́, ọmọ Íńdíà kan tó ń wé láwàní ńlá, ní òun ń bọ̀ wá kí wa lọ́jọ́ náà. Inú àwọn ará ilé dùn pé ó kéré tán, Mùsùlùmí ni ọ̀gá rẹ̀. Àbúrò mi ní kì í ṣe Mùsùlùmí o. Wọ́n ní báwo ni ẹni tó wé láwàní kò ṣe ní jẹ́ Mùsùlùmí. Kí ni mo máa gbé kalẹ̀ fún un?

Èmi ni àkọ́bí. Gbogbo ojú ń wò mí. Ó ku díẹ̀ lé ní ọ̀sẹ̀ méjì.

Àfáà Ìjẹmọ

Às-salámù àlékùm, ọmọ mi. Kí Ọlọ́run fi àlùjánnà kẹ́ bàbá.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó jẹ́ dandan àti ohun tó jẹ́ àṣà, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yín ti dàrú. Nǹkan mẹ́rin ni òkú Mùsùlùmí ní lọ́rùn àwa tó kù láyé: kí a wẹ̀ ẹ́, kí a fi aṣọ dì í, kí a kírun sí i lára, kí a sin ín. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí pàápàá, bí àwọn kan bá ti ṣe é, ó ti kúrò lọ́rùn àwọn tó kù. Wọ́n ti ṣe é fún bàbá yín lọ́jọ́ tí wọ́n kú. Lẹ́yìn ìyẹn, kí a san gbèsè wọn. Ní ti fìdáù ọjọ́ kẹjọ àti ogójì, àṣà tí àwa Mùsùlùmí ilẹ̀ Yorùbá fọwọ́ dan-in dan-in mú ni. Mo máa ń lọ, mo sì máa ń ṣe é. Ṣùgbọ́n àwọn Mùsùlùmí mìíràn wà nínú Abẹ́òkúta yìí kan náà tí wọn kì í ṣe é rárá, tí wọ́n ní Ànọ́bì kò fi lélẹ̀. A kò tìtorí ìyẹn lé wọn nílé baba wọn. Ibo wá ni ó ti di dandan pé ọmọkùnrin gbọ́dọ̀ gba máìkì?

Kàlímà tí a fi ipá gbà lẹ́nu ènìyàn, ta ló máa jẹ èrè rẹ̀? Áyà 256 nínú Súrà kejì ní kò sí ìfipámúni nínú ẹ̀sìn. Mi ò ní bo òótọ́ mọ́lẹ̀: àwọn onímọ̀ wa ti jiyàn gidi lórí ẹni tó fi ẹ̀sìn sílẹ̀, ọ̀rọ̀ wọn kò sì bára mu. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí tí ọkàn kò jẹ́, irọ́ ni, Ọlọ́run kò sì bẹ̀ wá ní irọ́. Ẹ wo áyà 15 nínú Súrà Lùkúmáànì. Ó ní bí òbí bá fẹ́ fa ọmọ kúrò nínú ẹ̀sìn Ọlọ́run, kí ọmọ má tẹ̀lé wọn, ṣùgbọ́n kó máa bá wọn gbé láyé pẹ̀lú dáadáa. Bí a bá ní kí ọmọ ṣe dáadáa sí òbí tí kò sí nínú ẹ̀sìn rẹ̀, kí ló dé tí ẹ̀gbọ́n bàbá kò ní ṣe dáadáa sí ọmọ?

Ó dùn mí pé ọmọ náà kúrò. Mi ò ní purọ́ pé kò dùn mí. Nínú yàrá mi ni mo ti máa ṣe àdúà fún un, kì í ṣe lórí rẹ̀.

Ìfẹ́ Jésù Ló Kù (Adátán)

Mo bọ̀wọ̀ fún àfáà, ṣùgbọ́n mi ò lè dákẹ́. Ọmọ tó bá ní kò sí Ọlọ́run, nǹkan ló ń ṣe é. Sáàmù 14 ti sọ orúkọ irú ènìyàn bẹ́ẹ̀: aṣiwèrè. Àǹtí yẹn kò jẹ̀bi. Ìfẹ́ ló ń ṣe é. Bí ilé ọmọ rẹ bá ń jó, ṣé o máa ní o bọ̀wọ̀ fún iná?

Tíṣà Àgbà (Aké)

Ọmọ mi ní Adátán, mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni. Ẹ jẹ́ kí n fi Bíbélì kan náà dá yín lóhùn. Ẹ ṣí Ìwé Ọba Kejì, orí 5. Lẹ́yìn tí ẹ̀tẹ̀ Náámánì san, ó búra pé Olúwa nìkan ni òun máa sìn. Ó wá sọ fún Èlíṣà pé ìṣòro kan wà: ọ̀gá òun máa ń fara ti ọwọ́ òun nígbà tó bá lọ forí balẹ̀ nílé Rímónì, òun náà á sì tẹ̀ ba, kí Olúwa forí jin òun. Èlíṣà kò wàásù fún un, kò sì bínú. Ó ní, "Máa lọ ní àlàáfíà." Ogójì ọdún ni mo fi kọ́ ọmọ ní Bíbélì, ibẹ̀ yẹn kò sú mi rí. Wòlíì náà mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó wà níbi ìjọ́sìn nítorí ẹni tó fẹ́ràn, àti ẹni tó ń jọ́sìn.

Nítorí náà, Ọmọ Aláàdìrẹ, ohun tí màá ṣe bí ó bá jẹ́ èmi ni pé màá ya méjèèjì sọ́tọ̀ fún ẹbí. Kí àbúrò yín wà níbẹ̀, ìyẹn ni ẹ̀tọ́ bàbá rẹ̀ lórí rẹ̀. Kí ó ka àdúà tí kò gbà gbọ́, ìyẹn kì í ṣe ẹ̀tọ́ ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ kí n fi ti ìlú wa kún un, torí pé a máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé àná la bẹ̀rẹ̀ sí í gbé pọ̀. Ṣódẹkẹ́, olórí àwọn Ẹ̀gbá, tó gba míṣọ́nnárì Townsend lálejò ní 1843 kì í ṣe onígbàgbọ́, ó kú ní 1845, kò tilẹ̀ rí àwọn míṣọ́nnárì nígbà tí wọ́n dé wá jókòó ní 1846. Ọdún 1846 yẹn náà ni Àjàyí Crowther tún fojú kan ìyá rẹ̀ níbí, lẹ́yìn ọdún 25 tí ogun ti yà wọ́n. Òrìṣà ni ìyá ń sìn, ọmọ ti di àlùfáà. 1848 ni ìyá tó ṣèrìbọmi. Ẹ ro ọdún méjì àárín yẹn wò: ìyá àti ọmọ lábẹ́ òrùlé kan náà nínú ìfẹ́, ìgbàgbọ́ wọn kò tíì papọ̀. A ti ṣe èkejì náà rí. Ní 1867, nígbà Ìfọ́lé, a fọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, a lé àwọn òyìnbó jáde. Ọ̀rọ̀ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó ló dá ìbínú yẹn sílẹ̀ ju ọ̀rọ̀ Jésù lọ, ṣùgbọ́n orí ilé àdúrà ni a ti san án.

Àti pé, ẹ fetí sí ẹnu ara yín. Àdúrà, wàásù, wòlíì, àlùfáà: ọ̀dọ̀ àwọn Mùsùlùmí ni gbogbo rẹ̀ ti wọ èdè wa, Crowther sì kó wọn sínú Bíbélì. Ẹni tó sì kọ́kọ́ túmọ̀ Àlùkùránì lódindi sí Yorùbá, ní 1906, àlùfáà ìjọ Áńgílíkà ni, Michael Samuel Cole. A ti ń jẹ nínú àwo ara wa tipẹ́.

Ẹlẹ́rọ (Ọ̀bàntókò)

Mo ti ń ka ìjíròrò níbí fún ọdún mẹ́ta, mi ò kọ nǹkan kan rí. Èmi náà kò ní ẹ̀sìn. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí nínú lọ́hùn-ún, torí pé òun gan-an ni ẹnikẹ́ni kì í béèrè.

Kò sí ẹ̀mí kankan tó wọ̀ mí. Ilé Mẹ́tọ́díìsì ni wọ́n bí mi sí, mo kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń kúrò lọ́wọ́ mi, mo sì jà fún un. Mo gbààwẹ̀, mo lọ sí ìsọ́ òru. Lọ́jọ́ kan mo rí i pé orí mi àti ẹnu mi kì í ṣe ọ̀kan mọ́. Kì í ṣe ayẹyẹ. Ìdánìkanwà ni. Bí ẹ bá gbé ẹni tó wà nírú ipò yẹn lọ sórí òkè fún ọjọ́ méje, ohun tó máa kọ́ níbẹ̀ ni bí a ṣe ń purọ́ fún yín dáadáa.

Ẹ bi àbúrò yín ohun tó gbà gan-an, nítorí pé a kì í ṣe ẹyọ kan. Ẹni kan á ní kò sí Ọlọ́run. Ẹlòmíràn á ní òun kò mọ̀, pé kò sì sí ẹni tó lè mọ̀. Ẹlòmíràn ṣì gbà pé Ẹlẹ́dàá wà, ṣùgbọ́n kò fẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sáláṣí. Ẹ̀sìn Búdà wà láyé yìí tí kò fi ọ̀rọ̀ Ẹlẹ́dàá ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀ rárá, ó sì ní àwọn ọmọ lẹ́yìn tó pọ̀ jaburata. Ọ̀rọ̀ náà gbòòrò ju "ó gbà, kò gbà" lọ.

Ẹ má ṣe bi í pé kí ló ń dá a dúró láti má jalè. Ìbéèrè yẹn máa ń dun ni dé egungun. Tai Solarin ará Ìkẹ́nnẹ́ kò fi pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni pé òun kò gba Ọlọ́run gbọ́. Òun ló dá ilé ẹ̀kọ́ Mayflower sílẹ̀ ní 1956, ọmọ onígbàgbọ́ àti ọmọ Mùsùlùmí ni àwọn òbí ń kó lọ bá a kó kọ́ wọn ní iṣẹ́ àti òótọ́. Orúkọ rẹ̀ ló wà lára yunifásítì àwọn olùkọ́ ní Ìjagun títí dòní.

Ṣùgbọ́n mo ní ọ̀rọ̀ fún àbúrò yín náà. Kó má ṣe jiyàn lọ́jọ́ yẹn, bí ẹnikẹ́ni tilẹ̀ bú u. Kó bọ́ bàtà níbi tí a ti ń bọ́ bàtà. Bí àwọn ènìyàn bá ń ṣe àdúà, kó dákẹ́, kó má tẹ fóònù. Kó má kọ nǹkan ẹ̀gàn kankan sórí Facebook nípa ohun tí màmá rẹ̀ fi ń tu ara rẹ̀ nínú. Àwa kan wà láàárín àwa tí a kò lẹ́sìn tí a máa ń fi àwọn ènìyàn wa ṣẹ̀sín. Ó burú, ó sì ń ba ti àwa tó kù jẹ́.

Nígbà tí bàbá mi kú, mo kó àga, mo sanwó àwọn tó gbẹ́ ilẹ̀, èmi ni mo sì ka ìtàn ìgbésí ayé wọn nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tí kì í ṣe òótọ́. Ẹ fún àbúrò yín ní irú iṣẹ́ yẹn. Kó ka ìtàn ayé bàbá yín lórí máìkì yẹn kan náà.

Ọmọ Aláàdìrẹ (Ìtòkú)

Ẹ̀gbọ́n, ẹkún ni mo fi ka tiyín tán. Mi ò bi í léèrè rí. Èmi náà kàn ń bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣe é fún ọjọ́ kan péré.

Nọ́ọ̀sì Ọmọ Ìdí-Àbà (London)

Ọ̀rọ̀ ọ̀gá oníláwàní ni mo bá wá. Bí láwàní náà bá bo gbogbo irun, tó dá irùngbọ̀n sí, tí ẹ̀gbà irin kan sì wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀, ẹlẹ́sìn Sikh ni. Kì í ṣe Mùsùlùmí, kì í sì í ṣe Híńdù. Punjab ni ẹ̀sìn náà ti ṣẹ̀, Guru Nanak tí wọ́n bí ní 1469 ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọlọ́run kan ṣoṣo ni wọ́n ń sìn. Wọn kì í gé irun, òun ni wọ́n ṣe ń wé láwàní.

Ẹ fiyè sí oúnjẹ! Ìlànà wọn ni pé kí wọ́n má jẹ ẹran tí a fi ètò ẹ̀sìn pa, irú èyí tí àfáà dúńbú. Ọ̀pọ̀ wọn kì í sì í jẹ ẹran rárá. Bí ẹ bá bu jọ̀lọ́ọ̀fù ẹlẹ́ran fún un níbi fìdáù, ẹ ti kó o sínú ìṣòro láìmọ̀. Kí àbúrò yín béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ṣáájú. Ìrẹsì pẹ̀lú dòdò àti èso, tí ṣíbí ẹran kò kàn, kò lè ṣini lọ́nà. Ó máa mọ inú sààrà ju bí ẹ ṣe rò lọ: nínú tẹ́ńpìlì wọn, ilé ìdáná kan máa ń wà tí ẹnikẹ́ni ti lè jẹun lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ̀sìn yòówù kó ṣe, olówó àti tálákà á jókòó nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí ìlà kan náà. Mo ti jẹ níbẹ̀ rí.

Ibi iṣẹ́ mi ló kọ́ mi. Híńdù kan wà tí omi ẹran màlúù lásán kò gbọ́dọ̀ kan oúnjẹ rẹ̀. Ẹlẹ́rìí Jèhófà kì í gba ẹ̀jẹ̀, ìwé tó fọwọ́ sí sì máa ń wà lápò rẹ̀. Àwọn Júù kì í fẹ́ kí òkú wọn dá wà, ẹnì kan á máa ṣọ́ ọ; àwọn àti Mùsùlùmí ni wọ́n máa ń kánjú jù láti sin òkú, a sì máa ń sáré bá wọn wá ìwé. Ní England àti Wales, ìkànìyàn 2021 fi hàn pé ìdá 37.2 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní àwọn kò lẹ́sìn. Fún irú wọn, àwọn kan ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú àwọn àlùfáà ilé ìwòsàn tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n jókòó ti aláìsàn, kí wọ́n gbọ́ ọ, láìgbàdúrà.

Mo ṣẹ̀ lórí èyí rí. Ọdún tí mo kọ́kọ́ dé, bàbá àgbàlagbà kan ń kú lọ lọ́wọ́ mi, àánú rẹ̀ ṣe mí, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà sókè. Ọmọ rẹ̀ obìnrin rọra sọ fún mi pé, "Jọ̀wọ́, bàbá mi ò fẹ́ èyí. Ó ti sọ ọ́." Wákàtí tó kẹ́yìn rẹ̀ láyé ni mo fi ṣe tèmi. Láti ọjọ́ náà, ohun tí mo kọ́kọ́ ń bi gbogbo aláìsàn ni pé: kí lẹ fẹ́ kí a má ṣe fún yín?

Ọmọ Onísẹ̀ṣe (Ìjàyè)

Mo ń retí kí ẹnì kan fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ babaláwo yẹn. Gbogbo yín kọjá lára rẹ̀.

"Kèfèrí" kì í ṣe orúkọ ẹ̀sìn. Lárúbáwá ló ti wá, aláìgbàgbọ́ ló túmọ̀ sí. Bàbá tó gba Olódùmarè gbọ́, tó gba Ọ̀rúnmìlà gbọ́, tó mọ ojú Odù 256, aláìgbàgbọ́ níbo? Ẹ pè wá ní onísẹ̀ṣe. Àwọn Mùsùlùmí náà kò fẹ́ "ìmàle" mọ́, a ti gbọ́, a sì ń pè wọ́n ní Mùsùlùmí. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún wa. Àti Èṣù! Èṣù Ọ̀dàrà, ońṣẹ́ tó ń gbé ẹbọ lọ sọ́run, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi túmọ̀ "devil" nínú Bíbélì Yorùbá, láti ìgbà yẹn ni ọmọ wa ti ń gbọ́ èébú rẹ̀ ní kíláàsì. UNESCO kéde Ifá ní 2005 pé ogún gbogbo ayé ni. Ní Ìtòkú, ẹ fẹ́ ní kí babaláwo má jókòó síbi òkú ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Ẹ fọkàn balẹ̀ nípa bàbá yẹn. Kò ní gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀ wá. Tí àfáà bá ṣàdúà, wọ́n á ní "àṣẹ", ẹ̀yin á ní "àmín", ohun kan náà ni ẹ jọ ń tọrọ fún olóògbé. Mo sọ ọ́ nítorí pé wọ́n pè mí síbi ìsọmọlórúkọ kan rí, wọ́n dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà pé kí n bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ ọwọ́ mi kí n tó wọlé. Mo yí padà. Ó ṣì ń dùn mí.

Ẹ jẹ́ kí n bá àwọn èèyàn mi náà wí. Àwọn ọ̀dọ́ onísẹ̀ṣe kan wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí kò ní ohun méjì ju kí wọ́n máa bú Jésù àti Ànọ́bì. Àwọn baba wa kò kọ́ wa bẹ́ẹ̀. A kì í wàásù kiri ojúlé, orí kálukú ló yan ọ̀nà tirẹ̀.

Oníṣòwò (Kútọ̀)

Mo gba gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ, màmá. Ṣùgbọ́n ẹ sọ ti orò fún wa. Tí orò bá jáde lọ́sàn-án, tí ọjà tì, tí èmi obìnrin kò lè jáde lọ wá oúnjẹ ọmọ, ìbọ̀wọ̀ ta ni ìyẹn?

Ọmọ Onísẹ̀ṣe (Ìjàyè)

Ìbéèrè gidi ni, mi ò ní fò ó. Obìnrin ni èmi náà, inú ilé ni mo máa ń wà. Ohun tí mo gbà ni pé òru ni kó jẹ́, kí a sì kéde rẹ̀ ní ọjọ́ púpọ̀ ṣáájú, kí aláìsàn lè rí ọ̀nà dé ilé ìwòsàn. Mo ti sọ ọ́ níwájú àwọn àgbà wa. Àwọn kan gbà, àwọn kan ò gbà.

Lọ́yà (Òkè-Ìlewò)

Ní kúkúrú. Abala 38 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 fún gbogbo ènìyàn ní òmìnira èrò, ẹ̀rí ọkàn àti ẹ̀sìn, ó sì sọ kedere pé ẹ̀tọ́ láti yí ẹ̀sìn tàbí ìgbàgbọ́ padà wà nínú rẹ̀. Abala kan náà ní kí ilé ẹ̀kọ́ má fi dandan mú ọmọ kọ́ ẹ̀sìn tí kì í ṣe tirẹ̀ tàbí tí òbí rẹ̀ kò fọwọ́ sí. Abala 10 ní ìjọba kò gbọ́dọ̀ sọ ẹ̀sìn kankan di ti orílẹ̀-èdè tàbí ti ìpínlẹ̀.

Lórí ogún: ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pín tàbí ta nǹkan kan nínú ìbínú. Ẹ wò ó bóyá bàbá kọ ìwé ìpíngún, ẹ kó ìwé ilé jọ, kí ẹ̀yin ọmọ lọ rí agbẹjọ́rò pa pọ̀. A kì í fi ariwo ojú òde lé ọmọ kúrò nínú ilé bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má fi èmi ṣe ẹni àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ máa rán lọ bá ẹ̀gbọ́n bàbá yín. Ẹ fi àfáà ṣe é.

Ìfẹ́ Jésù Ló Kù (Adátán)

Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Mo ṣì gbà pé Ọlọ́run wà, mo sì ń gbàdúrà kí ọmọ náà padà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Ẹlẹ́rọ pé irọ́ ló máa kọ́ lórí òkè, ó wọ̀ mí lára. Mo ní ọmọkùnrin kan nílé tí kò sọ̀rọ̀ mọ́ tí mo bá dárúkọ ṣọ́ọ̀ṣì. Mi ò bi í rí.

Ọmọ Aláàdìrẹ (Ìtòkú)

Ẹ̀yin ará, a ti ṣe é tán, ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá. Ẹ jẹ́ kí n ròyìn.

Mo kọ́kọ́ bi àbúrò mi ohun tó gbà. A jókòó títí di aago méjì òru. Ó ní òun kò mọ̀ bóyá Ọlọ́run wà, òun kò sì fẹ́ ṣe bí ẹni tó mọ̀. Ó ní nígbà àìsàn bàbá, òun máa ń jí bàbá fún ìrun àsùbáà, òun á bu omi àlùwàlá fún wọn, òun á dúró lẹ́nu ọ̀nà títí wọn á fi kírun tán. Mi ò mọ̀. Kò sí ẹni tó mọ̀ nínú wa.

Mo wá mú ọ̀rọ̀ Àfáà Ìjẹmọ lọ bá ìmáàmù àdúgbò wa, àwọn ló tẹ̀lé mi dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá wa. Ó ṣòro. Wọ́n ní ojú máa ti ẹbí. Ìmáàmù ní kí ni ojú máa fi tì wá bí ọmọ bá ka oore bàbá rẹ̀ sétí ìgbọ́ ayé? Wọ́n gbà ní ìdajì: kò ní ka kàlímà, ṣùgbọ́n wọn kò ní dúró níbẹ̀ nígbà tó bá gba máìkì. Lóòótọ́, wọ́n bọ́ sí ẹ̀yìn ilé.

Àwọn ọmọ ìjọ màmá wá, wọ́n jókòó lábẹ́ àgọ́ kan náà pẹ̀lú wa. Bàbá Ìjàyè wá. Èmi fúnra mi ni mo lọ pè wọ́n, mo sì fi wọ́n síwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ọ̀rẹ́ bàbá yòókù. Àbúrò mi kó àga láti àárọ̀. Nígbà tí àfáà ṣe wàásù tán, ó dìde, ó ka ìwé ojú méjì: bí bàbá ṣe bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìkòkò aró kan ṣoṣo, bí wọ́n ṣe gba ọmọ aládùúgbò sílé nígbà tí ilé wọn jó, bí wọ́n ṣe máa ń sin màmá dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ òjò, tí wọ́n á sì padà wá mú wọn. Ó kà nípa omi àlùwàlá náà. Ẹkún sọ. Màmá dìde, wọ́n lọ dúró tì í títí tó fi kà á tán.

Àǹtí wa kò tíì gbà. Wọ́n ṣì ń dárúkọ òkè àdúrà, a kò sì bá wọn jà.

Nọ́ọ̀sì Ọmọ Ìdí-Àbà (London)

Ọ̀gá oníláwàní ńkọ́? Kí ló jẹ?

Ọmọ Aláàdìrẹ (Ìtòkú)

Kì í jẹ ẹran, bí ẹ ṣe sọ. Ìrẹsì funfun, ọbẹ̀ ata tí a sè lọ́tọ̀, dòdò àti ọsàn. Ó bọ́ bàtà kó tó wọlé, kò sí ẹni tó sọ fún un. Nígbà tí a ń bu oúnjẹ, ó dìde láti bá wa gbé àwo fún àwọn ènìyàn, a ní kó jókòó, ó kọ̀. Àwọn ará ilé bi í nípa láwàní, ó ṣàlàyé fún wọn fúnra rẹ̀.

Mo ń kọ èyí lọ́wọ́ ni ẹ̀gbọ́n bàbá wa wọlé. Wọ́n ní kí n fún àwọn ní ìwé tí ọmọ yẹn kà. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde fún wọn. Wọ́n fi awò ojú kà á, ó pẹ́. Wọ́n ní kò kọ nǹkan kan nípa ìsọ̀ àkọ́kọ́ tí àwọn àti bàbá jọ gbà, pé ta ló fẹ́ mọ ìyẹn bí kì í bá ṣe àwọn. Wọ́n ní kó wá bá àwọn lọ́jọ́ Sátidé, kó mú bírò dání.